Kí Ẹ Tó Gbé Ìbọn Yín Fún Ẹni Tó Ní Fáìlì

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi: "Tíṣà, ìbọn mi ti ń há o." Ẹnìkan á ní kátíríìjì kọ̀, kò wọlé mọ́. Ẹlòmíràn á ní ó wọlé, ó dún, ṣùgbọ́n àfi kí òun fi ọ̀bẹ yọ páálí rẹ̀ tó ti ṣófo kó tó jáde. Ẹlòmíràn á ní òun fa tírígà títí ìka fi fẹ́ bó, ìgbà tí ìbọn máa fi dún, ọ̀yà ti wọgbó lọ. Kí n tó dá wọn lóhùn, wọ́n á ti máa sọ ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ní fáìlì tí wọ́n fi ń lọ irin àti fáìsì tó ń di irin mú, tó ti ṣèlérí pé òun máa bá wọn ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni oní-fáìlì yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Nínú àwọn ìbọn tó ń há tí mo ti fojú ara mi wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kò sóhun tó ṣe irin wọn. Kátíríìjì ló wú, tàbí ìdọ̀tí ló kún ibi tí kátíríìjì ń wọ̀, tàbí kẹ̀ epo àtijọ́ ló ti di oje lára irin inú. Àkísà, búrọ́ọ̀ṣì àti sùúrù ló ń wo gbogbo rẹ̀ sàn. Fáìlì kò sí níbẹ̀.

Olùkọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mí, mo sì ń dá oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìdànrè. Ọdẹ ni bàbá mi kí wọ́n tó di olóògbé, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ti jókòó kọ́ bí a ṣe ń nu ìbọn. Èyí tí mo ní báyìí, sìńgù-bárẹ̀ẹ̀lì, ọlọ́pàá kan, oní-kátíríìjì ni, ìwọ̀n ihò rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tíwẹ́lìfù, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lórúkọ mi. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ló ṣì ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn tí ìjọba kà léèwọ̀ fún aráàlú. Ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ológun wà níbẹ̀. Èkejì ni èyí tí èèyàn lè ní bí ọlọ́pàá bá fún un níwèé àṣẹ: irú tèmi yìí tí kì í ki ara rẹ̀, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ki láti ẹnu. Òfin yẹn kò sì fi àtúnṣe ìbọn kátíríìjì sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣáà mọ irin lù. Nítorí náà, ìmọ́tótó àti àyẹ̀wò ni mo ń sọ níbí, ohun tó jẹ́ ojúṣe ẹni tó ni ìbọn. Níbi tí ìmọ́tótó bá parí sí, ámọ́rà, ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, tó sì ní àṣẹ ló kàn.

Kí ọwọ́ yín tó kan àkísà, ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, ẹ ṣí i, ẹ yọ kátíríìjì inú rẹ̀, ẹ wo ihò náà dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ ki ìka bọ̀ ọ́. Ojú lè tan èèyàn jẹ nírọ̀lẹ́, ìka kì í tanni. Gbogbo kátíríìjì, ẹ kó wọn lọ sí yàrá mìíràn. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹyọ kátíríìjì kan wà lórí ẹní tí wọ́n bá tú ìbọn lé. Bí ọmọdé bá ń kọjá, wọ́n á dáwọ́ dúró títí ọmọ náà á fi kọjá tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe dòní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kátíríìjì. Ibẹ̀ ni màá pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni ìyọnu ti ń wá jù.

Afẹ́fẹ́ ìlú wa lómi. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, bàtà tí èèyàn kò wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti hu funfun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí lẹ wá rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí kátíríìjì nínú àpò ọdẹ? Èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ páálí a máa fa omi, á wú. Èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ ike kì í wú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀ tó ń dán yẹn. Lára ọ̀pọ̀ wọn, irin ni, idẹ ni wọ́n kàn fi pa á lójú. Bí omi bá ti rí ọ̀nà wọ abẹ́ idẹ náà, irin á dípẹtà, ìpẹtà á sì gbé ojú idẹ sókè. Èèyàn lè má fojú rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èékánná fà á láti òkè wálẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ìwọ̀nba gíga kékeré yẹn ti tó láti mú kí kátíríìjì kọ̀ lẹ́nu ihò.

Bàbá ọdẹ kan wá bá mi láti Ìta-Ògbólú pẹ̀lú dọ́bù-bárẹ̀ẹ̀lì wọn, ìbọn tó ní ọ̀pá méjì. Wọ́n ní apá òsì ń há, apá ọ̀tún kò há. Wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé ihò apá òsì ti fún, wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan lọ̀ ọ́ kó fẹ̀ sí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi kátíríìjì léèrè." A tú ọ̀pá ìbọn kúrò lára ìdí rẹ̀ pátápátá, tó fi jẹ́ pé kò sí hámà, kò sí abẹ́rẹ́, ọ̀pá irin lásán ló kù lọ́wọ́ wa. Mo nà án dúró, mo wá ń jẹ́ kí kátíríìjì wọn máa bọ́ sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfi ọwọ́ tì í. Èyí tó dára, á wọlé pẹ̀lú ohùn kan, pò, ìdí rẹ̀ á jókòó déédéé pẹ̀lú etí ọ̀pá. Bí mo bá sì dojú ọ̀pá dé, á já padà sí mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó ti wú, á dúró lágbede méjì. Òmíràn á wọlé tán, á wá kọ̀ láti já.

Àwọn tó há ní apá òsì, a gbé wọn sí apá ọ̀tún, wọ́n há níbẹ̀ náà. Àwọn tó já geere ní apá ọ̀tún, a gbé wọn sí apá òsì, wọ́n já geere. Bàbá wo ọ̀pá, wọ́n wo mi, wọ́n ní, "Tíṣà, àṣé kátíríìjì ni!" Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wá yé wa: àwọn tuntun ni wọ́n máa ń ki sí apá ọ̀tún tí wọ́n kọ́kọ́ ń fà, àwọn ti páálí àtijọ́ ni wọ́n ń ki sí apá òsì, kó lè wà níbẹ̀ bí àkọ́kọ́ bá ta á tì. Orí àjà lókè ààrò ni wọ́n sì ń kó àwọn ti páálí yẹn sí, wọ́n lérò pé iná á máa yá wọn. Ooru ọ̀sán ń bà wọ́n jẹ́, ìrì òru ń wọ̀ wọ́n. Ká ní wọ́n ti lọ lọ ihò yẹn ni, ọ̀pá ìbọn tí kò lárùn ni ì bá bàjẹ́ láìsí àtúnṣe.

Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yìí fún gbogbo kátíríìjì tí ẹ bá rà, kí ẹ tó gbé e lọ sóko. Ẹ má sì fi ohunkóhun gbá a wọlé. Èyí tí kò bá já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ìwọ̀n náà ṣe kókó. Nọ́ńbà tíwẹ́lìfù tí à ń pè yẹn, ohun tó ń sọ ni pé bí a bá pín òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan sí bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn á ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ihò ọ̀pá náà, tó jẹ́ bíi mìlímítà 18.5. Tuwẹ́ńtì jẹ́ bọ́ọ̀lù 20, ìdí nìyẹn tó fi kéré. Kátíríìjì tuwẹ́ńtì sábà máa ń ní àwọ̀ yẹ́lò, kí ojú lè tètè yà á sọ́tọ̀, torí ewu tó wà níbẹ̀ pọ̀. Bó bá bọ́ sínú tíwẹ́lìfù, kò ní dúró lẹ́nu ihò. Á yọ̀ wọlé, á lọ há síwájú nínú ọ̀pá. Ẹni tó ni ín á wo ihò, á rí i pé ó ṣófo, á rò pé kò sí nǹkankan níbẹ̀, á tún ki tíwẹ́lìfù sí i. Bó bá fà á, ọ̀pá lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí oríṣi méjèèjì wà nínú àpò kan náà, kódà bí ẹ bá ní ìwé àṣẹ fún ìbọn méjì.

Gígùn tún wà. Mìlímítà 65, 70 àti 76 ló wọ́pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ sára ọ̀pá. Èyí tí wọ́n kọ sára kátíríìjì jẹ́ gígùn rẹ̀ nígbà tó bá ti dún tán, tí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀ ti ṣí. Fún ìdí èyí, kátíríìjì 76 lè wọ ihò ìbọn 70 láìjà rárá, èèyàn á rò pé ó bá a mu. Ìgbà tó bá dún ni ẹnu rẹ̀ kò ní ráyè ṣí tán, agbára inú ọ̀pá á sì ga kọjá bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá yọ kátíríìjì tó ti dún, tí ẹ rí i pé ẹnu rẹ̀ fà ya jákujàku, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá yín kí ẹ tó ki òmíràn. Èyí tí wọ́n sì tún ki lábẹ́lé, tí ẹnì kan ń tà ní bòókẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọjà, mi ò fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn mi rárá.

Bí kátíríìjì bá ti yege, ihò ló kàn. Nígbàkígbà tí iná bá la kátíríìjì oníke kọjá, díẹ̀ nínú ike náà máa ń yọ́ mọ́ irin. Èéfín á bò ó, ike mìíràn á tún bo èéfín. Ẹ tú ọ̀pá sọ́tọ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ìdí: ẹ máa rí òrùka dúdú kan níbi tí ẹnu kátíríìjì máa ń dé. Òrùka yẹn ló ń di páálí mú tí èèyàn fi ń wá ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ náà á sì ha irin, ibi tó bá ha á tún di ìdọ̀tí mú.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Búrọ́ọ̀ṣì idẹ ni mo ń lò, mo máa ń rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, mo sì máa ń tì í láti ìdí lọ sí ẹnu, kì í ṣe láti ẹnu wá sí ìdí. N ó fi í sílẹ̀ kí kẹrosíìnì ráyè wọ inú ìdọ̀tí náà. N ó tún fi búrọ́ọ̀ṣì náà yí ihò yẹn ká, kì í ṣe lílọ bíbọ̀ nìkan, torí òrùka ni ìdọ̀tí náà. Lẹ́yìn ìyẹn, àkísà funfun tẹ̀ lé àkísà funfun títí èyí tó jáde kò fi ní dúdú mọ́. Sáńpépà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ síbí, àmọ́ kò tíì tán: kẹrosíìnì ń fọ irin ni, kì í dáàbò bò ó. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń lọ lo ìbọn, ẹ kọ́kọ́ nu epo náà kúrò nínú ihò, torí epo tó ń ṣàn lè wọ inú kápù, ibi róbótó tó wà láàárín ìdí kátíríìjì, tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún, kó sì pa á.

Ẹ má gbàgbé irin pẹlẹbẹ tó ń ti kátíríìjì jáde. Iyanrìn àti ẹ̀tù jíjó máa ń sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀, kò wá ní lè padà sáyè rẹ̀ tán, ìbọn á sì kọ̀ láti pa dé. Àwọn èèyàn á máa fi ipá pa á dé. Ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ kan tí ẹ wé àkísà mọ́ lórí ti tó fún ibẹ̀.

Ìbọn tó kọ̀ láti dún yàtọ̀ sí èyí tó há, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn wa ń pe méjèèjì ní híhá. Bí hámà bá lu tí kò dún, ẹ má ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí kò séèyàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, torí iná lè máa jò nínú kápù kó tó dé ara ẹ̀tù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ wo ojú kápù náà. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un jìn, tó sì wà láàárín gbùngbùn, ìbọn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kátíríìjì ni kò dára. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìkọ́ tó so ọ̀pá mọ́ ìdí lè ti jẹ, ọwọ́ ámọ́rà nìyẹn wà. Bó bá wà láàárín ṣùgbọ́n tí kò jìn, hámà kò dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbára. Mo máa ń gbé páálí èyí tó dún dáadáa sórí tábìlì, n ó gbé èyí tó kọ̀ tì í, n ó sì fi tọ́ọ̀ṣì tàn wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí á jẹ́ kí òjìji bọ́ sínú ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún, ìyàtọ̀ tí ojú lásán kò rí á wá hàn kedere. Kátíríìjì tó kọ̀ yẹn ṣì lè dún o, nítorí náà kò gbọdọ̀ já bọ́, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ iná.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tó dún ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ rọ̀, tí ìbọn kò sì ti èjìká. Ìdì oníke tó ń gbé ọta lè ti há sínú ọ̀pá. Bí ẹ bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, ọdẹ ti parí nìyẹn títí ẹ fi máa wo inú ọ̀pá láti ìdí dé ẹnu, kódà bí ẹtu bá dúró sí iwájú yín tó ń wò yín.

Tírígà wá kù.

Iṣẹ́ tírígà kò pọ̀. Hámà ti wà lókè, sipíríǹgì ń tì í, ẹnu irin kékeré kan ló di í mú. Bí ìka bá fa tírígà, ẹnu irin yẹn á yọ̀ kúrò, hámà á sì já. Gbogbo bó ṣe le tó tàbí bó ṣe rọ̀ tó wà nínú bí irin méjì yẹn ṣe ń yọ̀ lára wọn. Ibi tí wọ́n ti kan ara wọn kò fẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni oní-fáìlì máa ń lọ tààrà.

Àgbẹ̀ kan tí oko tiwa pààlà gbé tirẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbà á padà, inú rẹ̀ dùn, ó ní bí òun bá ti fọwọ́ kàn án ó ti dún. Kò pẹ́, ó ki kátíríìjì sí i lẹ́bàá òkìtì èèpo kòkó, ó gbé hámà sókè, ó yíjú láti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìdí ìbọn sì kan gbòǹgbò igi. Ìka rẹ̀ kò sí lórí tírígà rárá. Ìbọn dún, ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lu, ọmọ náà sì wà lódìkejì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọkùnrin yẹn kò sùn lóru ọjọ́ náà, èmi náà tó gbọ́ ọ kò sùn.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn, ojú irin méjèèjì yẹn ni wọ́n fi iná mú le, inú rẹ̀ rọ̀. Bí fáìlì bá ti gé ojú líle yẹn kúrò, irin rírọ̀ ló kù. Lónìí á dùn ún fà, lọ́la á tún jẹ sí i, lọ́túnla kò ní di hámà mú mọ́. Àwọn kan kì í lo fáìlì, sipíríǹgì ni wọ́n ń gé. Tírígà á rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n hámà kò ní ní agbára mọ́, abẹ́rẹ́ kò ní gún kápù jìn, ẹni náà á sì padà wá sọ fún mi pé ìbọn òun kì í dún.

Mo mọ̀ pé tírígà tó le ń ba ìyìnbọn jẹ́. Bí èèyàn bá ń fi ipá fà á, ẹnu ìbọn á yí. Mi ò sọ pé kí ẹ fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ìwọ̀n tó yẹ. Nínú ìdíje àgbáyé, ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ tí wọ́n ń ta ní mítà 10, agbára tí ìka máa fi fa tírígà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí gíráàmù 500. Ti ìbọn ìléwọ́ mítà 25, tó ń lo ọta kékeré, kò gbọdọ̀ kéré sí gíráàmù 1000. Àwọn yẹn ń ta lórí ilẹ̀ títẹ́, ojú pátákó nìkan ni ẹnu ìbọn wọn ń wò, alámòójútó sì wà lẹ́yìn wọn. Àwa ń rìn nínú ìtàkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí, ẹsẹ̀ ń kọ. Ìbọn ọdẹ tí agbára tírígà rẹ̀ wà láàárín kílò 2 sí 3 ti dára. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín pẹ̀lú òṣùwọ̀n oníkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù àwọn tó ń wọ bàálù: ìbọn á ṣófo, kátíríìjì irọ́ tí kò ní ẹ̀tù tí kò ní ọta á wà nínú ihò kí abẹ́rẹ́ má baà kán, ẹ ó fi ìkọ́ náà kọ́ àárín tírígà, ẹ ó sì fà á díẹ̀díẹ̀ títí hámà fi máa já. Nígbà ọyẹ́ kan, tèmi kọjá kílò 4. Mo fọ̀ ọ́, ó padà sí nǹkan bíi kílò 2 àti ààbọ̀. Kò sí irin kan tí mo gé.

Epo ló fà á. Àwọn bàbá wa ń fi àdín pa ìbọn, ó sì bá ṣakabùlà mu, torí ẹ̀rọ rẹ̀ wà níta, ojú ń rí i, wọ́n sì ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìlò. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀tù dúdú máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ tó ń fa omi mọ́ra, tó ń jẹ irin. Ṣùgbọ́n inú ìbọn kátíríìjì pa dé. Àdín tó bá wọ ibẹ̀ á pẹ́ níbẹ̀, eruku á dà á láàmú, á di oje pípọ́n tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, á gan. Irin méjèèjì kò ní lè yọ̀ lára wọn mọ́. Epo pupa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń lò, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní Ọjà Ọba, kò wọ́n, kì í di oje kíákíá.

Láti fọ̀ ọ́, n kì í tú àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀. Mo máa ń yọ ọ̀pá, n ó wá dojú èyí tó kù dé, kí ohun tó bá ń ṣàn má ṣàn wọ inú igi ìdí ìbọn, torí kẹrosíìnì àti epo máa ń mú igi rọ̀ níbi tó ti so mọ́ irin. N ó kán kẹrosíìnì sí ẹ̀gbẹ́ hámà àti ẹ̀gbẹ́ tírígà. Omi tó máa kọ́kọ́ jáde á pọ́n dòdò, á nípọn. N ó máa fi ọwọ́ kan di hámà mú, n ó máa gbé e sókè, n ó máa rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n ó tún kán òmíràn sí i, títí ohun tó ń jáde á fi mọ́. N ó gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ tán. Ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí ẹ̀gbẹ́ hámà, ọ̀kan sí ibi tí tírígà ti ń yí, ó ti tó. Ẹni tó bá ń da epo sí i, eruku ló ń pè.

Lẹ́yìn èyí, ìka ló kù láti kọ́. Kátíríìjì irọ́ nínú ihò, ẹ gbé ìdérí ìgò mínírà sórí ọ̀pá nítòsí ẹnu, ẹ kọjú ìbọn sí ògiri tí kò séèyàn lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fa tírígà títí hámà á fi lu. Bí ìdérí náà bá já bọ́, ọwọ́ yín ló ń mì, kì í ṣe tírígà. Ẹnu ìka ni kí ẹ fi fà á, kì í ṣe oríkèé, kí ẹ sì máa fà á lọ láìdúró. Mo mọ ọ̀pọ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn kan tírígà fún ọdún gbọọrọ, tó jẹ́ pé ìdérí ìgò ló bá wọn parí rẹ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ti yàtọ̀, ẹ lẹ bébà ńlá mọ́ pákó, kí ẹ gbé e ti ẹ̀gbẹ́ òkè ilẹ̀ pupa tó ga, níbi tí ọta kò ti lè kọjá. Láti bíi mítà 37 ni wọ́n sábà máa ń yìnbọn wo bí ọta ìbọn yìí ṣe ń fọ́n ká, wọ́n á sì ya òbìrípo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76 yí ibi tí ọta pọ̀ sí ká, kí wọ́n lè ka èyí tó bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ará oko tó yí yín ká kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ayé tí a wà yìí, ìró ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò retí lè lé odidi abúlé wọgbó.

Kátíríìjì tó bá kù, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí tó le dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi tí wọ́n máa ń kó sínú páálí bàtà tuntun. Ẹ kọ oṣù tí ẹ rà á sára ike náà, kí èyí tó pẹ́ jù máa kọ́kọ́ jáde. Àwọn tó ti wú àti àwọn tó kọ̀, ẹ má jó wọn, ẹ má sì rì wọ́n mọ́ oko. Ẹ kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó fún yín níwèé àṣẹ.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ìbọn ṣì ń há tàbí tí tírígà ṣì ju kílò 3 lọ, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ámọ́rà tó ní àṣẹ lọ. Ẹ mú ìwé àṣẹ dání, ẹ mú páálí kátíríìjì tó há àti èyí tí kò há, kí ẹ sì kọ sórí bébà apá tó ń há, irú kátíríìjì tó wà níbẹ̀, àti ohun tí òṣùwọ̀n sọ kí ẹ tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́. Bó bá gba bébà yẹn, tó kà á, tó sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun wo kátíríìjì náà, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Bó bá nawọ́ sí fáìlì láìtíì ṣí ìbọn, ẹ gba ìbọn yín lọ́wọ́ rẹ̀.